Túúlu Ọjọ́ Sátidé

Ẹni tí túúlu kò bá mú rí ló máa ń pè é ní ẹ̀fọ́rí. Ẹ̀fọ́rí ni èyí tó ń mú èèyàn tí oòrùn bá pa á, tó bá mu omi tutù, tó jókòó díẹ̀, á sì lọ. Èyí tó ń mú Àràmídé, ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ló máa ń gbà, lẹ́yìn ẹyinjú, á sì máa lù kìkì níbẹ̀ láti òwúrọ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan á kọ́kọ́ máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ létí ojú rẹ̀. Tó bá wo èèyàn nígbà náà, ìdajì ojú onítọ̀hún ni yóò rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni èébì, lẹ́yìn èébì ni kó máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa rédíò, kí wọ́n ti fèrèsé, kí ẹnikẹ́ni má dín nǹkan nínú ilé. Àwọn tó ń wò ó lókèèrè rò pé àṣejù ni. Timothy ọkọ rẹ̀ náà ti rò bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fẹnu sọ ọ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni Àràmídé ń ṣe ní Òmù-Àrán. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní lójú ọ̀nà yunifásítì, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti jẹnẹrétọ̀ kan tí ariwo rẹ̀ pọ̀ ju iná tó ń mú wá lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ló ń kó iṣẹ́ wá fún un, gbogbo wọn ló sì máa ń fẹ́ gbà á lọ́la. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, aago méje òwúrọ̀ kì í tíì lù tó fi ń jáde nílé láìfi nǹkan kan sẹ́nu, àfi obì. Ìkọ̀kọ̀ ló ti ń jẹ obì náà. Olùkọ́ ìṣirò ni Timothy, ọmọ alàgbà ìjọ sì ni, kò fẹ́ fojú rí obì nínú ilé rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ta ló ń bá ìyàwó rẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù? Awẹ́ mẹ́rin, awẹ́ márùn-ún lóòjọ́, kí ojú lè là níwájú kọ̀ǹpútà. Tí orí bá fẹ́ máa ta á, á da oògùn ẹ̀fọ́rí oníyẹ̀fun sínú omi, á gbé e mì, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Sátidé nìkan ló fi ń sinmi. Lọ́jọ́ náà kì í jẹ obì, torí pé ọkọ wà nílé, kì í sì í kúrò lórí ibùsùn títí oòrùn á fi ga, kó lè sun oorun tí kò rí sùn láàárín ọ̀sẹ̀. Ìsinmi ló pè é, èmi náà ì bá sì pè é bẹ́ẹ̀.

Sátidé yìí kan náà ni ìyá Timothy máa ń wá kí wọn. Rúùtù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹlẹ́kọ ni, ní Èsìẹ́, iwájú ilé ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ti ń tà á, kò sì sí tíṣà tàbí àgbẹ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ tí kò mọ ẹ̀kọ Màmá Rúùtù. Tó bá ti ta tàárọ̀ Sátidé tán, á kó díẹ̀ sínú abọ́, á gun ọ̀kadà, á sì dé Òmù-Àrán ní nǹkan bí aago mẹ́wàá ààbọ̀. Nítorí Tìmílẹ́yìn ló ṣe ń wá, ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Àràmídé bí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni Màmá máa ń bá ìyá ọmọ lórí ìdùbúlẹ̀ tó ń kérora, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ yà sí.

Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré kan nílùú náà, Fulera lorúkọ rẹ̀, obìnrin tó ní sùúrù. Òun ló sọ fún Àràmídé pé túúlu kì í ṣàdédé dìde, ohun kan ló máa ń jí i, ohun tó sì ń jí ti ẹnì kan lè máà jí ti ẹlòmíì. Oúnjẹ ni ti àwọn kan, ebi ni ti àwọn kan, oorun tó kéré jù tàbí tó pọ̀ jù ni ti àwọn mìíràn. Ó ní kó ra ìwé, kó fa ìlà sí i, kó máa kọ ọjọ́ tí orí fọ́, aago tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó jẹ, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti aago tó lọ. Tó bá di oṣù mẹ́ta, kó gbé ìwé náà wá, kí àwọn méjèèjì jọ kà á. Àràmídé ra ìwé, ó fa ìlà, ó sì ń kọ ọ́ bí ẹni ń tẹ iṣẹ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n kí oṣù mẹ́ta tó pé, wọ́n ti gbé iṣẹ́ Fulera lọ sí ìlú Share. Bó ṣe di pé òun nìkan ló jókòó ti ìwé náà nìyẹn.

Ìgbà mẹ́rìnlá ni orí fọ́ ọ láàárín oṣù mẹ́ta. Nígbà tó máa ka ìlà kẹrin, níbi tó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń rí bó ṣe ń ṣí ojú ewé, pẹ̀lú aago tí wọ́n dé: Màmá dé. Màmá dé. Màmá dé. Ó kà á, ó jẹ́ mọ́kànlá. Nínú mẹ́ta tó kù, Sátidé ni méjì, ọjọ́ tí Màmá kò wá, ṣùgbọ́n ó rántí pé irú tí Màmá gbé wá ṣì wà nínú ìkòkò lọ́jọ́ méjèèjì. Ọ̀kan yòókù bọ́ sí Wẹ́sídè, ìyẹn ló sì fojú fò. Kì í ṣe obìnrin tó ń sáré kiri òkè àdúrà o. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Ká ní aríran kan ló sọ fún un pé ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń fọ́ ọ lórí, ì bá yínmú, ì bá bá tirẹ̀ lọ. Ìwé ló sọ ọ́ fún un, ìwé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ìwé tí nọ́ọ̀sì ní kó kọ.

Ó fi han Timothy. Timothy kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló kan ìyá òun nínú ẹ̀fọ́rí. Lẹ́yìn náà ó gba bírò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sàmì sí àwọn ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín ń tán lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sàmì.

"Mọ́kànlá nínú mẹ́rìnlá," ló wí nígbẹ̀yìn. "Èyí kì í ṣe èèṣì mọ́, Ìyá Tìmí."

Wọn kò pe Màmá ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn gbè wọ́n. Ohun tí wọ́n jọ sọ ni pé kí Màmá ṣáà dáwọ́ wíwá dúró fún ìgbà díẹ̀, kí àwọn fi wò ó bí orí á sinmi. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwọn, ọmọ kì í kọjú sí ìyá rẹ̀ kó ní kó má wá sílé òun mọ́. Àgbà ilé ló máa ń bá ọmọ jẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Timothy bá gba Èsìẹ́ lọ bá Bàbá Ignatius, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun sọ fún Màmá pé kó máa sinmi nílé, pé ọ̀nà ò dára. Bàbá Ignatius wojú rẹ̀, wọ́n bi í pé kí ni ìdí ọ̀rọ̀ náà gan-an. Kò lè purọ́ fún wọn, ó sọ ọ́.

Àgbà náà kò sì fẹ́ kó di pé wọ́n ní òun pe opó àbúrò òun sí kọ̀rọ̀, òun fi ọ̀rọ̀ halẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n pe àwọn ìyàwó ilé jọ kí wọ́n lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ire ni wọ́n rò. Níwájú obìnrin méje ni wọ́n ti sọ fún Màmá pé, "Rúùtù, ọmọ rẹ ní kó o sinmi Òmù-Àrán. Wọ́n ní tó o bá ti dé ibẹ̀ ni orí ìyàwó máa ń fọ́. Èmi kò fi ẹ̀sùn kàn ọ́ o, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni mò ń jẹ́."

Màmá ní òun ti gbọ́, ó ní wọ́n ṣeun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, odidi àdúgbò ti gbọ́ pẹ̀lú. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i lójú. Wọ́n kàn ń kí i, wọ́n ń kọjá. Àwọn ìyá ń pe ọmọ wọn padà tí wọ́n bá ń lọ síwájú ilé rẹ̀. Ẹ̀kọ tó ń tán kí aago mẹ́jọ tó lù bẹ̀rẹ̀ sí í wà nílẹ̀ di ọ̀sán, lẹ́yìn náà ó ń wà nílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó ń kan, Màmá sì ń kó o fún ewúrẹ́ jẹ.

Ní Òmù-Àrán, orí kò sinmi. Sátidé àkọ́kọ́ tí Màmá kò wá, túúlu dé ní àfẹ̀mọ́jú bó ṣe máa ń dé, kò sì lọ títí di ọ̀sán Sọ́ńdè. Àràmídé ní kò lè lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ó ṣì ń jáde lára ni. Sátidé kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó ti ìwé náà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò kọ ọ́ mọ́. Ó mọ ohun tí ìwé náà máa wí bí òun bá ń kọ ọ́ lọ, kò sì fẹ́ rí i. Oṣù márùn-ún ló fi wà bẹ́ẹ̀, tó ń fi obì kún obì, tó ń da oògùn yẹ̀fun sómi lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìdajì ìríran rẹ̀ lọ pátá, ó ṣubú sí balùwẹ̀, Timothy sì gbé e sínú mọ́tò, ó di Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n dé Ganmo, Àràmídé ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi nǹkan bo òun lójú nítorí oòrùn.

Dókítà Jùbrílù ló rí wọn ní ilé ìwòsàn ńlá kan níbẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Dókítà wá bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Ó bi í léèrè nípa ìyá tó bí i, Àràmídé sì rántí pé ní gbogbo ìgbà tí òun wà lọ́mọdé ní Òró-Àgọ́, ìyá òun máa ń fi ọ̀já di orí le, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá wọn. Dókítà ní ibẹ̀ ló ti wá, inú ẹ̀jẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó fi ṣe é. Ó bi í léèrè oúnjẹ àárọ̀, oorun, omi, obì. Timothy gbọ́ ọ̀rọ̀ obì níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí dókítà béèrè bóyá ó ti kọ àkọsílẹ̀ rí, Timothy ló fa ìwé náà yọ, torí pé òun ló ti mú un lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó kúrò nílé, tó rò pé ẹ̀rí ni.

Dókítà kà á fún ìgbà pípẹ́. Ó fi ìka lé ìlà kan.

"Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yìí?"

"Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, sà."

"Ẹni tí ẹ pè ní Màmá yìí, aago mélòó ni wọ́n dé?"

"Aago mẹ́wàá ààbọ̀."

"Nínú méjèèjì, èwo ló kọ́kọ́ dé?"

Àràmídé wo ìlà náà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kọ aago méjèèjì síbẹ̀, lójú ewé kan náà, nígbà mọ́kànlá.

Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ní ara tó ti ń jẹ obì láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, tí wọ́n bá ṣàdédé gbà á lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, orí ló fi ń bínú. Ó ní oorun àsùnjù burú fún túúlu bí àìsùn ṣe burú fún un, ikùn tó ṣófo di ọ̀sán náà burú, oògùn tí wọ́n sì ń mu lójoojúmọ́ fún ẹ̀fọ́rí, bó bá ti pẹ́, òun fúnra rẹ̀ á di ohun tó ń fa ẹ̀fọ́rí. Lẹ́yìn náà ló bi í pé kí ni Màmá máa ń ṣe tí wọ́n bá dé. Àràmídé ní wọ́n á ti fèrèsé, wọ́n á gbé ọmọ jáde kí ariwo lè dínkù, wọ́n á fi omi tutù rẹ aṣọ lé òun lójú, wọ́n á fi omi gbígbóná po ẹ̀kọ, wọ́n á sì dúró ti òun títí òun á fi mu ún tán.

"Ẹ wò ó, ọjọ́ tí wọ́n bá wá, aago méjì ọ̀sán ló ń lọ," ni dókítà wí. "Sátidé méjì tí wọn kò wá yìí, ó di ọjọ́ kejì. Ìtọ́jú tí èmi ì bá sọ fún yín ni wọ́n ti ń ṣe. Níbo ni wọ́n wà báyìí?"

Timothy dìde, ó jáde kúrò ní yàrá náà. Àràmídé kò rí i kó sunkún rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra.

Ó tẹ̀ lé ohun tí dókítà wí. Ó ń dín obì kù díẹ̀díẹ̀, ó fi oògùn yẹ̀fun sílẹ̀, ó ń jẹun kó tó jáde, aago kan náà ló sì ń sùn, tó ń jí, ìbáà jẹ́ Sátidé. Orí náà sì gbọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, túúlu kò dé. Ẹlòmíì ì bá yọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Gbogbo Sátidé tí ilẹ̀ bá mọ́, tó jókòó sórí ibùsùn tí orí rẹ̀ fúyẹ́, ó mọ̀ pé obìnrin kan wà ní Èsìẹ́ tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ san owó ìwòsàn náà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kó tètè lọ. Ní Sátidé kẹrin, òun àti Timothy gbé Tìmílẹ́yìn, wọ́n lọ.

Bàbá Ignatius ni wọ́n kọ́kọ́ kí, wọ́n sì sọ ohun tí dókítà wí fún wọn, wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún pe àwọn ìyàwó ilé jọ. Àgbà náà mi orí. Wọ́n ní àwọn ti pè wọ́n jọ lẹ́ẹ̀kan ná, nígbà tí àwọn rí i tí ẹ̀kọ ń kan, gbogbo wọn ló ní àwọn kò sọ nǹkan kan sí Rúùtù, àwọn kò sì bá a jà, ẹ̀kọ ẹlòmíì ṣáà ni ó ń wu àwọn jẹ. Ta ni èèyàn á mú nínú wọn? Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì lọ bá ìyá wọn, bóyá ó máa gbọ́ tiwọn.

Màmá ti rù, ọrùn rẹ̀ ti wọnú. Ó jókòó sórí àpótí nínú ọ̀ọ̀dẹ̀, kò sí ìkòkò lórí ààrò rẹ̀. Àràmídé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó fi kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, obì, ebi, oorun, ìyá rẹ̀ ní Òró-Àgọ́, aago mẹ́fà ààbọ̀, aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ó ní òun ló ṣì í kà. Ó ní kí Màmá na òun bó bá wù wọ́n, kí wọ́n ṣáà dárí ji òun, kí wọ́n bá àwọn padà lọ sí Òmù-Àrán lónìí.

Màmá gbọ́ ọ títí. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, tó fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀. Timothy kígbe, ó fẹ́ gbé e dìde, ṣùgbọ́n Màmá gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Ẹ dákun, ẹ dárí jì mí," ló wí fún Àràmídé. "Mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ mi."

Àràmídé ní kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ó tún un sọ, ó ń sunkún. Màmá ń mi orí fún un bí ẹni ń rẹ ọmọdé lẹ́kún.

"Mo ti jókòó síbí láti ìgbà yẹn, mo rò ó dáadáa. Motún ọmọ mi, èmi ni mo fún un lẹ́kọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ibà náà gbé e. Olúṣẹ̀yẹ tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi náà ló ti jẹun kẹ́yìn. Bàbá Timothy náà. Gbogbo ẹni tó kú nínú ilé yìí, mo kà wọ́n, kò sí ọ̀kan tí kò jẹun lọ́wọ́ mi. Mo ń sunkún wọn láti ọjọ́ yìí wá, mi ò mọ̀ pé èmi ni."

Timothy ní, "Màmá, ìyá ọmọ ni yín. Ta ni ì bá fún wọn lóúnjẹ?" Màmá wò ó bí ẹni pé àánú rẹ̀ ń ṣe é.

Kí ni Àràmídé fẹ́ sọ? Pé èèyàn kì í fi kíkà mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Òun kọ́ ló máa fẹnu sọ ìyẹn. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ni ó wà tí Tìmílẹ́yìn fi bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó na ọwọ́ méjèèjì, tó ń lọ bá ìyá àgbà rẹ̀. Màmá rí i. Obìnrin tó ti rù tó bẹ́ẹ̀ fò dìde lórí orúnkún, ó fà sẹ́yìn wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn. Wọ́n gbọ́ ìró ìdè ilẹ̀kùn nígbà tó ń fà á.

Ọmọ náà rò pé eré ni. Ó ń gbá ilẹ̀kùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pe Màmá. Timothy fi orí ti ògiri. Wọ́n bẹ Màmá títí oòrùn fi yẹ̀ kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Ìgbà tó yá ni wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ó rọlẹ̀, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀ rárá.

"Ìyàwó mi, ẹ bá mi gbé ọmọ náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Òùngbẹ ń gbẹ mí, mo fẹ́ jáde wá bu omi."

Àràmídé gbé ọmọ rẹ̀. Ó gbé e jáde kúrò ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ilé, títí dé ìdí mọ́tò, kí Màmá lè jáde wá mu omi.